Ogójì Ọdún Lórí Ilẹ̀ Tí Kò Tẹ́jú

Ẹni tó bá ní Èkó tẹ́jú, ẹ ní kó fẹsẹ̀ rìn láti ẹ̀yìn Ìgándò gòkè lọ sí Ìkòtún, kó ru garawa omi kan sórí. Kó tó dé ìdajì ọ̀nà, èémí rẹ̀ yóò ti sọ òtítọ́ fún un. Inú mọ́tò la máa ń jókòó sí tá a fi ń rò pé ojú kan náà ni gbogbo ilẹ̀ yìí wà. Omi òjò kì í wọ mọ́tò ní tirẹ̀. Òun ló mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀.

Sọ̀féyọ̀ ni mí. Ogójì ọdún ni mo fi wọn ilẹ̀ ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, láti ìgbà tí àdá ń ṣíwájú wa wọ igbó títí di ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń fò bí ẹyẹ ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé lè mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún mi. Mo dìde, mo la ẹnu, mo wá rí i pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò lè gba inú ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Mo kí wọn, mo jókòó. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí sílẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ló mọ Ọ̀gá Akínọlá, ó sì mú mi lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Dọ̀pẹ̀mú, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà. Èkìtì ni mo ti wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mi ni, mo sì rò pé ẹni tó dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ àpáta kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ òun ní ohun tó ń jẹ́ òkè. Ọ̀gá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó béèrè bóyá mo lè rìn. Mo ní mo lè rìn. Owó tó dárúkọ kò tó nǹkan, mo gbà á, ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀.

Ènìyàn pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Ọ̀gá Akínọlá, ṣòkòtò kákí tó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ dáadáa ló máa ń wọ̀ lójoojúmọ́. Kì í pariwo, ohun tó sì ń bani lẹ́rù nínú rẹ̀ nìyẹn. Odidi oṣù mẹ́fà ni kò fi jẹ́ kí n fojú kan inú awò. Awò la máa ń pe ẹ̀rọ tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí a ń fi ojú kan wo inú rẹ̀. Ọ̀pá ìwọ̀n ló ní kí n máa dì mú, ọ̀pá gígùn tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé e dúró ṣánṣán nínú oòrùn, kí n má lé eṣinṣin, kí n má nu òógùn. "Bí ọ̀pá bá ti tẹ̀, ó ti parọ́ nìyẹn," ni yóò wí láti ọ̀ọ́kán.

Ọjọ́ tó wá jẹ́ kí n wo inú awò, ohun tí mo rí dà mí lọ́kàn rú. Ẹni tó di ọ̀pá mú dúró lórí ilẹ̀ gíga, nọ́ńbà kékeré ni mo kà. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, nọ́ńbà ńlá ni mo kà. Mo ní awò ti bàjẹ́. Ọ̀gá ní kò bàjẹ́. Ó ní ojú wa dúró sójú kan, ọ̀pá ló ń bá ilẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ìdí rèé tí ojú wa fi ń bọ́ sí apá òkè rẹ̀. Nọ́ńbà ńlá, ilẹ̀ rírẹlẹ̀. Ó ní kí n sọ ọ́ nígbà ogún, mo sì sọ ọ́ nígbà ogún níwájú àwọn tó ń kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n awò kọ́ ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn Ìgándò, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko. Ó ní kí n rìn láti orí òkè dé etí odò, kí n máa kọ ohun tí àwọn ènìyàn fi ilẹ̀ ṣe sílẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Lórí òkè pátápátá, ilé ni mo rí: ilé alámọ̀ àtijọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, igi máńgòrò, kànga tó jìn débi pé okùn rẹ̀ ju yàrá mi lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́, ilé tán, ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọn kò kọ ebè náà kó dojú kọ ìsàlẹ̀. Ńṣe ni wọ́n kọ ọ́ dábùú, kí òjò má baà kó ọ̀rá ilẹ̀ lọ. Ibi tó dà jù, tí ẹsẹ̀ mi ti ń yọ̀, wọn kò fọwọ́ kàn án rárá. Ọparun ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tún tẹ́, tó dúdú, tó rọ̀, mo rí kókò, mo rí ìrèké, mo rí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gbìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. N kò rí ilé kan ṣoṣo. Kódà ahéré tí àwọn àgbẹ̀ fi ń sá oòrùn, òkè ló wà.

Mo bá bàbá arúgbó kan, ọmọ bíbí ibẹ̀, níbi tó ti ń wa kókò. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tí ẹbí wọn kò fi kọ́lé sórí ilẹ̀ tó dáa tó báyìí. Ó wò mí tàánú-tàánú.

"Ilé omi nìyí," ó ní. "Ó lè rìnrìn àjò fún ọdún méje, ilé rẹ̀ náà ni. Ṣé ìwọ máa kọ́lé sínú ilé onílé ni?"

Mo padà gòkè lọ bá Ọ̀gá, mo ka ohun tí mo kọ fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwọn tó kọ́kọ́ dé ibí kò ní awò, wọn kò ní pláànù, ṣùgbọ́n wọ́n ka ilẹ̀ kí wọ́n tó lò ó. Ó ní iṣẹ́ tiwa kò ju ìyẹn lọ. Mo gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba májẹ̀mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe le tó. A ń wọn ibi tí gọ́tà kan yóò gbà ní Ìpájà. Oòrùn mú, ebi ń pa mí, mọ́tò kan sì dúró síwájú ọ̀pá. Dípò kí n dúró kó kọjá, mo fojú bu nọ́ńbà kan, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, Ọ̀gá jókòó, ó ṣe ìṣirò, ìṣirò kò padé. Ó béèrè èwo ni mo fojú bù. N kò lè parọ́. Ó fa ojú ewé náà ya, ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó ní ká máa lọ sílé. Gbogbo ohun tí a fi odidi ọjọ́ ṣe ni a tún ṣe ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló di ọ̀pá mú. Mo sunkún lójú ọ̀nà Ìpájà, àwọn ọmọ ilé ìwé ń wò mí. Nígbà tí a parí, ó ní, "Ìwọ lè fojú bù ú. Omi ò ní fojú bù ú."

Ọmọ mẹ́fà la bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi àti ẹnìkan péré ló kù nígbà tó yá. Mo dúró, mo ṣe ìdánwò, mo gba ìwé àṣẹ, mo ṣí ọ́fíìsì tèmi ní Ẹ̀gbẹ̀dá. Nítorí pé obìnrin ni mí, àwọn tí kò mọ̀ mí tẹ́lẹ̀ máa ń bá mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní kí n pe sọ̀féyọ̀ fún àwọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé èmi náà ni. Ojú wọn máa ń yí ṣá.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ṣéènì tí a fi ń wọn gígùn ilẹ̀ lọ, awò tuntun tó ń ka ara rẹ̀ dé, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di iṣẹ́ àárọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé bí irinṣẹ́ ṣe ń mọ nǹkan sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ra ilẹ̀ kò fẹ́ mọ̀. Oko ẹ̀gẹ́ lọ, ilé rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gé ọparun ibi tó dà gẹ̀rẹ́, wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Lọ́dọọdún, ilé ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wọ́ ìdí bọ̀. Bí mo bá fẹ́ wọn gíga àti rírẹlẹ̀ ilẹ̀ fún oníbàárà, wọ́n á ní, "Màmá, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kẹ́ ẹ wọn fún wa jàre." Mo máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pláànù pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, omi ń gbà á kọjá. N kò mọ ẹnì kan tó kà á.

Mo fẹ́ kí ẹ ní sùúrù fún mi níbi tí mo dé yìí, nítorí títí di òní, n kò tíì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kí àyà mi má já.

Ọ̀gá Akínọlá fẹ̀yìn tì. A kì í ríra púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n a ń pe ara wa. Ní ọjọ́ kan ó pè mí pé òun ti kọ́lé, kí n wá wò ó. Inú mi dùn. Ó júwe ọ̀nà fún mi: kí n bọ́ sílẹ̀ ní Ìgándò, kí n wọ ẹ̀yìn, kí n máa sọ̀kalẹ̀. Mo ń sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣìnà. Mo tún pè é, ó ní kí n ṣáà máa sọ̀kalẹ̀. Títí mo fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, tí mo rí i tó dúró lẹ́nu géètì, tó ń juwọ́ sí mi.

Mo dúró, mo wo àyíká. Ibi tí bàbá arúgbó ọjọ́sí ti ń wa kókò kò ju ìsọ̀kò kan lọ sí géètì náà.

Ó mú mi yí ká. Ó ti da yẹ̀pẹ̀ pupa sí gbogbo ilẹ̀ náà, típà lórí típà, títí ó fi ga dé àyà ènìyàn. Orí rẹ̀ ló kọ́lé sí. Ó wá fi fẹ́ǹsì tó nípọn yí i ká, ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kọnkéré. Ó ń fọwọ́ lu fẹ́ǹsì náà bí ẹni ń lu ẹ̀yìn ẹṣin. Ó ní gbogbo àgbègbè yìí, òun lòun wọ̀n ọ́n. Ó ní òun mọ ibi tí omi lè ga dé, òun sì ti fi ilẹ̀ ilé òun sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ adágún ẹja kékeré, ó fẹ́ àgbọn, ó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ odò máa fẹ́ sí òun ní ọjọ́ ogbó. Ó ti ń wo ilẹ̀ yìí láti ọgbọ̀n ọdún.

Mo bi í léèrè ohun kan ṣoṣo. "Ọ̀gá, omi tó ń gba ibí kọjá tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Yóò wá ibòmíràn gbà."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ̀nà. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹni tó kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀ ni, àgbà ni, ilé rẹ̀ tuntun ló ń fi hàn mí. Mo ní ilé náà dáa. Mo bá a yọ̀.

Bí mo ṣe ń jáde, mo rí aládùúgbò rẹ̀ lápá ọ̀tún. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ́láńlé ló ń gbé ibẹ̀ nínú ilé oníyàrá mẹ́ta. Opó ni, ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa rán sùtánà fún àwọn ọmọ ìjọ. Àwọn aṣọ funfun náà kún orí okùn níwájú ilé. Ilé rẹ̀ wà lórí èjìká ilẹ̀ kékeré kan tó ga díẹ̀ ju ibi tí omi máa ń gbà lọ, ìdí nìyí tó fi ti ń gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án tí omi kò fi kan àtẹ̀gùn rẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀, obìnrin arúgbó tí orúnkún ń dùn, jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó gbọ́ ohùn mi, ó bi mí bóyá ọmọ Èkìtì ni mí. Nígbà tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó fi èdè wa dá mi lóhùn, ó di ọwọ́ mi mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ọmọ òun. Ó bi mí bóyá màá padà wá, mo ṣèlérí pé màá padà wá kí i. N kò padà lọ.

Òjò ọdún yẹn kò kọ́kọ́ burú. Ọjọ́ ìsinmi kan ló bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, tó sì ń rọ̀ títí di ọ̀sán láìdáwọ́ dúró. Mo wà nílé ní Ẹ̀gbẹ̀dá, mo ń bó ẹ̀gúsí, nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀gá ni.

"Máa bọ̀," ó ní.

Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún ní, "Máa bọ̀." Mo fi ẹ̀gúsí sílẹ̀, mo jáde.

Kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ kò lè sọ̀kalẹ̀ ju ìdajì òkè lọ. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn. Omi pupa ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń gbé ike, ó ń gbé bàtà, ó ń gbé ìkòkò. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti lè rí ìsàlẹ̀, mo dúró gbagidi. Omi ti sọ̀kalẹ̀ wá láti òkè bó ṣe máa ń wá, ó fẹ́ gba ibi tó máa ń gbà, ó sì kan fẹ́ǹsì Ọ̀gá. Fẹ́ǹsì náà kò mì. Omi dúró, ó ga sókè, ó ń wá àyè, nígbà tó rí àyè, ó yà sápá ọ̀tún. Ògiri ẹ̀yìn ilé Ìyá Bọ́láńlé kò sí mọ́. Àwọn sùtánà tó rán wà káàkiri inú ẹrẹ̀, àwọn kan ti há sára igi, apá wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìyá Bọ́láńlé wà. Ìyá rẹ̀ kò lè gun òkè nínú òjò pẹ̀lú orúnkún yẹn, ọmọ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ lórí ibùsùn, ó da aṣọ bò ó, ó ní òun kò ní pẹ́. Yàrá ẹ̀yìn ni ibùsùn náà wà.

Àwọn ọkùnrin àdúgbò ti gbé màmá náà jáde kí n tó dé. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì kan lókè, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Mo jókòó sílẹ̀ nínú òjò. N kò sunkún. Ẹkún kò wá. Ńṣe ni mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń fi èdè Èkìtì bi mí bóyá màá padà wá.

Nígbà tó yá, mo wọ ilé Ọ̀gá. Ó jókòó sórí àga ní pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Mo wo ilẹ̀ pálọ̀ náà. Ó gbẹ. Omi kò kan ibẹ̀ rárá. Ó rí ibi tí mo ń wò, òun náà ń wò ó.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹgbẹ́ àwọn onílé ṣèpàdé. Àwọn kan ní ìdọ̀tí tó dí gọ́tà ló fà á. Àwọn kan ní ìjọba ni. Ẹnìkan tilẹ̀ ní búlọ́ọ̀kù ilé Ìyá Bọ́láńlé kò lágbára, àbí kí ló dé tó jẹ́ pé tirẹ̀ nìkan ló wó. Ìyá Bọ́láńlé wà níbẹ̀, ó ń gbọ́. Ìgbà náà ni Ọ̀gá dìde. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dákẹ́. Ó yíjú sí mi.

"Gbé awò rẹ wá lọ́la," ó ní. "Awò àtijọ́, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Èmi ni màá di ọ̀pá mú."

Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìpàdé pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé àgbà ni, pé a lè yanjú rẹ̀ nínú ilé. Ó ní kí n má gbàgbé ọ̀pá.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo àdúgbò ló jáde. Mo gbé awò dúró síbi tí mo ti lè rí gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá Akínọlá, ẹni tó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, mú ọ̀pá, ó rìn wọ inú ẹrẹ̀ lẹ́yìn fẹ́ǹsì ara rẹ̀, lápá òkè. Ó gbé ọ̀pá náà dúró ṣánṣán. Ọ̀pá kò tẹ̀.

"Kà á sókè," ó ní.

"Mítà méjì ó lé díẹ̀."

Ó jáde níbẹ̀, ó wọ inú ọgbà rẹ̀, ó gbé ọ̀pá sórí yẹ̀pẹ̀ pupa.

"Ìdajì mítà," ni mo kà.

Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Bọ́láńlé.

"Mítà kan ààbọ̀."

Ó gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lọ sí apá ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti ń jáde padà sí odò. Ibẹ̀ lé ní mítà méjì ààbọ̀.

Ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Mo sọ fún wọn pé nọ́ńbà ńlá ni ilẹ̀ rírẹlẹ̀. Mo ní ojú ọ̀nà omi wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ó sì tún wà lápá ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gíga ti wà láàárín méjèèjì báyìí. Omi kò lè gun ilẹ̀ gíga yẹn, ẹnu ọ̀nà Ìyá Bọ́láńlé ló rẹlẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Bí fẹ́ǹsì mi kò bá sí," Ọ̀gá béèrè, "ibo ni omi ì bá gbà?"

Ojú gbogbo ènìyàn wà lára mi. Mo ní, "Àárín ilé yín, Ọ̀gá. Ibi tí ẹ ń sùn."

Ó gbé ọ̀pá ìwọ̀n náà lé ilẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó rìn lọ síwájú Ìyá Bọ́láńlé, obìnrin tó lè bí lọ́mọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, nínú ṣòkòtò kákí rẹ̀.

Àwọn àgbà ọkùnrin sún mọ́ ọn láti gbé e dìde, wọ́n tún dúró. Ìyá Bọ́láńlé wò ó fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé yóò figbe ta. Mo rò pé yóò bú u, kò sì sí ẹni tí ì bá bá a wí.

"Ẹ dìde, Bàbá," ó ní. "Ilẹ̀ tutù."

Ó yípadà, ó gbé ìdì aṣọ rẹ̀, ó gun òkè lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Ọ̀gá wó fẹ́ǹsì rẹ̀. Ó wó ilé náà tẹ̀ lé e, ó ní kí típà wá kó yẹ̀pẹ̀ pupa lọ títí ojú ọ̀nà omi fi tún hàn. Àwọn kan ní kí Ìyá Bọ́láńlé gbé e lọ sí kóòtù. Kò gbé e lọ. Ọ̀gá ta gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi tún ilé obìnrin náà kọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́láńlé kò padà gbé inú rẹ̀. Ọ̀gá àti ìyàwó rẹ̀ gba yàrá àti pálọ̀ kan ní Ẹ̀gan. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń lọ kí i ní ọjọ́ Sátidé.

Ó tó ọdún kan kó tó bi mí ní ohun tí mo ti ń sá fún.

"Lọ́jọ́ tí o wá wo ilé," ó ní, "o rí i. Mo mọ̀ pé o rí i. Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

Mo ní ọ̀wọ̀ ni, Ọ̀gá.

Ó mi orí. "Ọ̀wọ̀ kọ́ ni mo kọ́ ọ," ó ní. "Ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo kọ́ ọ."

Kò bínú nígbà tó sọ ọ́. Ó kú kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ láyé mi, kò sí èyí tó tíì dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò wọn ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni àfi kí a jọ kọ́kọ́ rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo máa ń fi ẹnu ara mi sọ ọ́, ojú sí ojú, bóyá pásítọ̀ ni tàbí ọ̀gá báńkì, bóyá ó jù mí lọ tàbí mo jù ú lọ. Àwọn kan bínú lọ bá ẹlòmíràn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí ní ẹ̀rọ tó ń fò, àwòrán tó ń yà máa ń fi àwọ̀ ya ibi gíga sọ́tọ̀ kúrò ní ibi rírẹlẹ̀, ojú ọ̀nà omi á hàn kedere bí iṣan ọwọ́. Mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́, ẹnu yà mí. Lórí àwọn iṣan náà, òrùlé ilé pọ̀ débi pé n kò lè kà wọ́n tán. Ẹ̀rọ ti sọ tirẹ̀. Ó ku ẹni tó máa lanu.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ wá. Ó dáa, ó níyì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú àgbà bá ń tì í lẹ́nu pa, kó wá iṣẹ́ mìíràn.

Oníbàárà mi tó gbẹ̀yìn ni Ìyá Bọ́láńlé. Ó wá sí ọ́fíìsì mi ní Ẹ̀gbẹ̀dá láìpè mí tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ti ta ilé ìsàlẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi ṣe oko ẹ̀fọ́, òun rí ilẹ̀ kékeré kan ní apá òkè Ẹ̀gan, òun kò ní san nǹkan kan àfi bí mo bá rìn ín pẹ̀lú òun. A jọ rìn ín. Mo fi ibi tí omi ń gbà hàn án, ó jìnnà sí ibẹ̀ gan-an. Ó ní kí n tún fi hàn òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tún fi hàn án. Ó sọ fún mi nígbà náà pé láti ọjọ́ tí omi pa ìyá òun, bí òjò bá ti ń rọ̀, òun kì í lè jókòó, òun á máa rìn láti yàrá dé yàrá títí yóò fi dá.

Ó kọ́lé náà. Mo lọ kí i níbẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Bí a ṣe jẹun tán ni ojú ọ̀run ṣú, òjò dé, òjò ńlá. Mo dá ọ̀rọ̀ dúró, mo ń wò ó. Ó dìde, ó lọ sójú fèrèsé, ó dúró síbẹ̀. Omi ń ṣàn gba ìta kọjá, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ, kò yà sọ́dọ̀ wa. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó padà wá jókòó sórí àga, ó gbé sùtánà tó ń rán lé ẹsẹ̀. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀, kò dáhùn. Mo yíjú sí i. Òjò náà ń lu páànù kíkankíkan, Ìyá Bọ́láńlé sì ti sùn lọ.